Kùsà Abẹ́ Ẹní

Lọ́dún 1932, nígbà tí iṣẹ́ kùsà dẹnu kọlẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, tí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ, olè wọ àdúgbò àwọn Yorùbá tó wà lẹ́yìn ojú irin. Aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ló kọ́kọ́ ń dàwátì. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé abọ́ idẹ ńlá tí ìyá Ìbíjọkẹ́ fi sìn ín lọ sílé ọkọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi kan, ẹnì kan gbé kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n fi ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lọ, nígbà tí gbogbo ìjọ dijú tí wọ́n ń gbàdúrà lọ́wọ́. Ti Fadékẹ́ ni adìyẹ. Ó jí lówúrọ̀, ó bá ilé adìyẹ rẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, ìyẹ́ díẹ̀ ló kù nílẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Iléṣà ni Fadékẹ́ yìí, búrẹ́dì ló sì ń ṣe. Akínwọlé ọkọ rẹ̀ jẹ́ gáàdì nínú ọkọ̀ ojú irin, ó lè bá ọkọ̀ lọ sí Kafanchan kó má padà wálé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Olúṣọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà lọ́dọ̀ ìyá Akínwọlé ní ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, Fadékẹ́ sábà máa ń dá wà, òun àti ààrò búrẹ́dì rẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, àti ayálégbé kan tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn.

Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ gba àgọ́ ọlọ́pàá ìjọba lọ. Àwọn ọlọ́pàá ní àdúgbò yẹn kò sí lábẹ́ àwọn, pé inú ìlú ìbílẹ̀ ló bọ́ sí. Wọ́n bá tún kọjú sí ọ̀dọ̀ àwọn dógárì, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ olórí ìlú ìbílẹ̀. Àwọn dógárì gbọ́ ẹjọ́ wọn tán, wọ́n fi Hausa dá wọn lóhùn pé ènìyàn òyìnbó ni òṣìṣẹ́ rélùwéè, kí òyìnbó lọ máa ṣọ́ ènìyàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ti ara wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí olè ń rí ọ̀nà gbà ní àárín méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe ìpàdé sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì fi Bámgbóṣé ṣe alága. Bàbá Ìjọ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Òun ló ń wọn kùsà ní ilé-iṣẹ́ ìwakùsà kan: yẹ̀pẹ̀ dúdú tó wúwo tí àwọn lébìrà bá gbé wá, orí òṣùwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn ènìyàn á séèémí kí wọ́n tó lè gbọ́ ohun tó ń sọ, bóyá ohun tó sì jẹ́ kí wọ́n máa gbà á gbọ́ nìyẹn. Ó ní kí àwọn ọkùnrin máa pín òru ṣọ́. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣílẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dáná síta títí agogo ṣọ́ọ̀ṣì yóò fi lù lówúrọ̀. Ẹni tí àwọn aṣọ́dẹ bá rí níta kí agogo tó lù, olè ni, kò tún sí àlàyé.

Ìmọ̀ràn náà dùn mọ́ gbogbo wọn nínú, àfi Fadékẹ́. Iná tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jó dáadáa kí ojúmọ́ tó mọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè lè ra búrẹ́dì gbígbóná bí wọ́n ti ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. Láti ọjọ́ tí òfin yìí ti dé, ọkọ̀ á ti fọn fèrè, àwọn oníbàárà rẹ̀ á ti lọ tán, kí búrẹ́dì tó jáde. Ó lọ bẹ Bàbá Ìjọ nílé. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Bámgbóṣé rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, “Ìyá Ṣọlá, bí mo bá ṣí i fún ọ, mo ti ṣí i fún olè náà nìyẹn. Ṣe sùúrù.”

Fadékẹ́ ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé àdúgbò ti yí padà. Àwọn obìnrin kò sá aṣọ síta mọ́, inú yàrá ni wọ́n ń sá a sí tó fi ń rùn. Bí ẹnì kan bá wọ bàtà tuntun wá sí ìsìn, ojú gbogbo ènìyàn á tẹ̀ lé bàtà náà títí dé orí ìjókòó. Ènìyàn á kí ọ “sannu” tán, ojú rẹ̀ á ṣì wà lára ẹrù tó o gbé. Ìbíjọkẹ́ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Fadékẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé Jọ́ọ̀sì wá a wá lọ́jọ́ kan, ó jókòó sí ilé ìdáná, ojú rẹ̀ sì ń yẹ orí pẹpẹ wò bíi pé abọ́ idẹ rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Fadékẹ́ rí i, ó sì dùn ún.

Ẹni tí ìfura wọn wá papọ̀ lé lórí ni Moses, ayálégbé Fadékẹ́. Ọmọ Ẹ̀gbẹ́ ní ilẹ̀ Yàgbà ni, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ibi ìwakùsà kan ní apá Bùkúrù ló ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dá a dúró. Láti ìgbà náà, ó ń bá àwọn ènìyàn já ẹrù ní àdúgbò Nasarawa, tí kò bá sì rí ẹrù já, ó máa ń rìn káàkiri. Kò ní ìyàwó, kò ní ẹgbẹ́, kò sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn ń bi Fadékẹ́ léèrè ohun tó ń jẹ. Wọ́n ní kí ló fi ń sanwó ilé? Wọ́n ní kí ló ń wá kiri lẹ́bàá ọgbà àwọn ènìyàn? Fadékẹ́ kọ́kọ́ ń gbèjà rẹ̀, ó ní onírẹ̀lẹ̀ ènìyàn ni. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́tí sí ìgbà tí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn bá dún.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó ti po ìyẹ̀fun tán, ó jókòó tì í nínú ilé, ó ń retí agogo. Ọyẹ́ mú, etí rẹ̀ sì là. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ní ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ààrò. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ènìyàn kan. Ẹsẹ̀ àwọn tó ru ẹrù wúwo ni, ó ń balẹ̀ kì, kì, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Fadékẹ́ ń retí pé kí àwọn aṣọ́dẹ kígbe mọ́ wọn. Kò sí ẹni tó kígbe. Ẹsẹ̀ náà kọjá, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́.

Nígbà tí agogo lù, ó gbé eérú, ó ṣe bí ẹni fẹ́ lọ dà á nù. Ní ọ̀nà tóóró náà, ó rí yẹ̀pẹ̀ dúdú tó tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí àpò bá lu. Ó fi ìka kó díẹ̀, ó sọ ọ́ wò ní àtẹ́lẹwọ́. Ó wúwo ju yẹ̀pẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó gbé Jọ́ọ̀sì tí kò mọ kùsà. Kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá jí i gbé.

Moses ni ọkàn rẹ̀ lọ bá lójú ẹsẹ̀. Ta ló tún mọ ìdí kùsà ní ilé yìí? Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí Moses ti lọ sí Nasarawa, Fadékẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tú okùn tó fi so ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ó wọlé. Ohun tó bá níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹní kan, kúbùsù tó ti já, ìkòkò kékeré kan, Bíbélì tí èèpo rẹ̀ ti ya. Ó gbọn kúbùsù náà. Ó ká ẹní. Ó tilẹ̀ kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ abẹ́ ẹní náà káàkiri, ó ń wá ibi tó bá rọ̀. Ilẹ̀ náà le koránkorán, bí wọ́n ti lù ú láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé ló wà. Kò sí kùsà, kò sí abọ́ idẹ, kò sí ìyẹ́ adìyẹ. Ó tẹ́ ẹní padà bó ṣe wà, ó so ilẹ̀kùn. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò dùn. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé Moses gbọ́n, ibòmíì ló ń kó o sí.

Ó di yẹ̀pẹ̀ dúdú náà sínú ìṣẹ́tí ìró, ó gbé e tọ Bàbá Ìjọ lọ. Ó sọ ẹsẹ̀ tó gbọ́ fún un, ó sọ ọ̀nà tóóró, ó dárúkọ Moses. Ti yàrá tó wọ̀, ojú tì í, kò sọ ìyẹn. Bámgbóṣé na ọwọ́, ó gba kùsà náà, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó da á sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ó bi í pé, “Ta lo ti sọ fún?”

“Ẹ̀yin nìkan ni, Bàbá.”

“Ó dára. Má sọ fún ẹlòmíì. Fi sílẹ̀ fún mi.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá Ìjọ pe gbogbo obìnrin sí ṣọ́ọ̀ṣì láti gbàdúrà fún ìlú. Ó ránṣẹ́ sí Moses náà pé kó wá pọn omi kún àwọn àmù ṣọ́ọ̀ṣì. Moses lọ, inú rẹ̀ sì dùn pé ẹnì kan nínú ìjọ rántí òun. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, wọ́n padà sílé.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, oòrùn ti ga, Fadékẹ́ ń kó búrẹ́dì jáde nínú ààrò nígbà tí àwọn aṣọ́dẹ ya wọ àgbàlá, Bámgbóṣé ni wọ́n fi ṣáájú. Wọ́n pe Moses jáde. Wọ́n wọ yàrá rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi kígbe “barawo” láti inú, bí àwọn Hausa ti ń pe olè, wọ́n sì gbé àpò kan jáde tí ọkùnrin méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé. Wọ́n ní abẹ́ ẹní ni wọ́n ti hú u. Kùsà ló kún inú rẹ̀.

Kí Moses tó la ẹnu, igi ti balẹ̀ lé e lórí. Wọ́n lù ú débi pé etí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Kò sá, kò gbéjà, ó kàn ń sọ ọ̀kan náà ní èdè ìlú rẹ̀ pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó wo Fadékẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Fadékẹ́ dúró tòun ti pátákó búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó wọ yàrá náà lẹ́yìn tí wọ́n jáde, ó wo ihò tí wọ́n gbẹ́. Ibi tó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ní ìjẹta gan-an ni. Erùpẹ̀ tí wọ́n hú tú sílẹ̀ yíká, ó tutù, kò tíì gbẹ.

Àgọ́ ọlọ́pàá ìjọba ni wọ́n wọ́ Moses lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọlọ́pàá kò béèrè ẹni tó ni àdúgbò. Ọ̀rọ̀ kùsà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ adìyẹ.

Fadékẹ́ kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ń ka ọ̀rọ̀ náà lọ, ó ń kà á bọ̀. Bí ilẹ̀ bá le ní ìjẹta, tó wá di ihò lónìí, ẹnì kan ló gbẹ́ ẹ láàárín. Ìgbà wo ni ilé ṣófo? Ìgbà àdúrà ni. Ta ló pe òun? Ta ló pe Moses? Ta ni òun sọ ọ̀rọ̀ kùsà fún? Ibi kan náà ni gbogbo ọ̀nà ń já sí, ẹ̀rù sì bà á débi pé ó dìde lọ tilẹ̀kùn ní ọ̀sán gangan. Ó wá yé e ìdí tí kò fi yẹ kí iná rẹ̀ máa tàn ní ìdájí, àti ìdí tí àwọn aṣọ́dẹ kò fi kígbe.

Ó fẹ́ sọ ọ́ fún Ìbíjọkẹ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà sọ, ó ní ó ṣe òun bákan pé ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ yẹn tutù. Ìbíjọkẹ́ dá a dúró. Ó ní ọkọ òun wà nínú àwọn aṣọ́dẹ, kí Fadékẹ́ ronú ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní Bàbá Ìjọ ló bá àwọn wá ilẹ̀ tí àwọn fi kọ́lé, òun ló sì ń gbẹnu sọ fún àwọn níwájú òyìnbó. Fadékẹ́ wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù ló wà níbẹ̀ tàbí ohun mìíràn. Ó kí i, ó padà sílé.

Akínwọlé dé pẹ̀lú ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Fadékẹ́ gbé oúnjẹ fún un, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti yàrá. Akínwọlé fọwọ́ lẹ́rán.

Ó ní, “Ṣé o fojú rí Bámgbóṣé níbẹ̀?”

“Ilẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn.”

Akínwọlé ní àjèjì ni àwọn ní ìlú yìí, pé bí Yorùbá bá bẹ̀rẹ̀ sí fa ara wọn lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, àwọn tó kù á fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní Moses kì í ṣe ẹbí wọn. Fadékẹ́ ní òun mọ̀ pé kì í ṣe ẹbí àwọn, ṣùgbọ́n ẹnu òun ni orúkọ rẹ̀ ti jáde. Akínwọlé ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ní kó lọ, kò ní kó má lọ.

Lówúrọ̀ ọjọ́ kejì, Fadékẹ́ gbé àtẹ búrẹ́dì lérí bí ẹni ń lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì yà sí àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì tó bá níbẹ̀, ará Èkó ni, Harold lorúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí dé ìparí láìgbé ojú sókè. Lẹ́yìn náà ó wò ó bí ẹni ń wo owó tí kò dá a lójú.

Ó ní, “Ìyáàfin, ta ló rán yín wọ yàrá ẹlẹ́yàrá?”

“Ìfura ló rán mi.”

“Ta wá ló mọ̀ pé ẹ rí kùsà lọ́nà yẹn?”

“Bàbá Ìjọ nìkan ni mo sọ fún.”

Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi í bóyá nǹkan wà láàárín Fadékẹ́ àti Moses. Fadékẹ́ fi Bíbélì búra pé kò sí. Ó bi í bóyá Fadékẹ́ àti Bámgbóṣé ní ìjà nípa òfin iná yẹn. Fadékẹ́ ní òun bínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú ló gbẹ́ ihò yẹn. Ọkùnrin náà sì dé fìlà rẹ̀.

Wọ́n lọ wo ihò náà. Wọ́n lọ sílé Bámgbóṣé. Nínú yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, wọn kò bá àpò kankan, ṣùgbọ́n yẹ̀pẹ̀ dúdú wà nínú gbogbo ibi tí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ti sán. Bámgbóṣé fi ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ sọ fún wọn pé ẹni tó ń wọn kùsà ni òun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, pé kí ni wọ́n rò pé yóò máa gbọ̀n sílẹ̀ lára aṣọ òun? Wọ́n bi àwọn aṣọ́dẹ léèrè, gbogbo wọn ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn ló kàn sọ pé Bàbá Ìjọ máa ń ní kí àwọn lọ ṣọ́ apá ọ̀nà Bauchi bí ó bá ti ń di ìdájí. Nígbà tí wọ́n tún bi í, ó ní òun kò rántí dáadáa mọ́.

Adájọ́ kò rí ohun tó tó láti fi mú Bámgbóṣé, kò sì rí ohun tó tó láti fi de Moses mọ́lẹ̀. Wọ́n tú Moses sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí Bámgbóṣé ti ń wọn kùsà ní kó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìpariwo. Kò pẹ́ tó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú rẹ̀, tí ìjọ sì kọrin sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin. Àwọn obìnrin kan sunkún. Láti ọjọ́ náà, àwọn kan kò ra búrẹ́dì Fadékẹ́ mọ́. Wọ́n á kọjá níwájú ilé rẹ̀, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀. Ìbíjọkẹ́ ń kí i, ṣùgbọ́n kò wọlé wá jókòó mọ́. Wọ́n fi ọlọ́pàá kan sí àdúgbò náà níkẹyìn. Ẹni tó kó aṣọ àti adìyẹ àti abọ́ idẹ, wọn kò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Moses wá kó ẹrù rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Etí rẹ̀ ọ̀tún ti wú, ó sì ń yí orí padà kó tó lè gbọ́ ohun tí ènìyàn ń sọ. Fadékẹ́ gbé búrẹ́dì fún un, ó gbà á. Ó dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, “Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ wá sọ òótọ́. Mo dúpẹ́, mà.”

Fadékẹ́ ní kó má dúpẹ́. Ó ní kó dúró, pé yàrá náà ṣì jẹ́ tirẹ̀, pé òun kò ní gba owó oṣù yìí. Moses mi orí. Ó ká ẹní rẹ̀, ó dì í. Ó ti gbé e sí èjìká kó tó tún sọ̀rọ̀.

“Ìyá Ṣọlá, lọ́jọ́ tí ẹ wọ yàrá mi, ká ní ẹ bá nǹkan níbẹ̀, ṣé ẹ̀ bá pè mí kẹ́ ẹ bi mí léèrè, àbí àwọn lẹ̀ bá pè?”

Irọ́ wà létè Fadékẹ́, ó rọrùn, ì bá sì tu àwọn méjèèjì lára. Kò lè pa á.

“Àwọn ni ǹ bá pè.”

Moses gbà á bí ẹni gbọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní ọkùnrin Bìrọ́ọ̀mù kan, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tí àwọn jọ wa kùsà ní Bùkúrù ti fún òun ní igun yàrá kan ní àdúgbò Jenta, ibẹ̀ ni òun ń lọ. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì jáde. Fadékẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹní tó wà léjìká rẹ̀ títí ó fi pòórá láàárín àwọn èrò. Ìbíjọkẹ́ wà lójú fèrèsé tirẹ̀ ní òdìkejì, òun náà ń wò. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ìbíjọkẹ́ fa aṣọ fèrèsé bò ó.